Ojú Kì Í Gé Igi: Ìkìlọ̀ fún Ẹni Tó Ń Lo Ayùn Oníná

Ẹ wọ ilé ìdáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kan kọ́bọ́ọ̀dù sí, kí ẹ tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn mẹ́rin tó tò tẹ̀ lé ara wọn. Ìkíní ga ju ìkejì lọ díẹ̀, ìkẹta ń gbá ìkẹrin lórí, àlàfo tó wà láàárín wọn fẹ̀ lókè, ó sì fún nísàlẹ̀. Onílé á ní pákó tútù ni wọ́n lò. Káfíńtà á ní íǹjì tí wọ́n ń kó wọ̀lú báyìí ni kò dáa. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́pọ̀ ìgbà ṣá, àìdọ́gba yẹn ti wà lára ilẹ̀kùn kí íǹjì tó débẹ̀ rárá. Ẹni tó gé pákó náà fa ìlà, ó di ayùn oníná mú, ó wá ń fi ojú tẹ̀ lé ìlà bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọ.

Fífi ojú gé igi yìí ni mo fẹ́ torí rẹ̀ bá ẹ̀yin ọ̀gá káfíńtà sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ra ayùn sílé láti máa fi tún nǹkan ṣe. Ohun tó ń ba ilẹ̀kùn jẹ́ náà ló ń gé ìka. Ẹni tó bá ti ṣètò bí ayùn kò ṣe ní lè yà kúrò lójú ọ̀nà ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lóore, ó sì ti ṣe ara rẹ̀ lóore.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa ṣẹnu wúyẹ́wúyẹ́ pé ó ti pẹ́ tí ọwọ́ àwọn ti mọ́ ọn. Ọwọ́ tó mọ́ iṣẹ́ dáa. Àmọ́ ayùn ọwọ́ tí àwọn bàbá wa ń lò, tó bá yà, ó ń gbọ́ ìbáwí. Ẹ ó rí i, ẹ ó dá a padà sọ́nà. Ti oníná kò rí bẹ́ẹ̀. Bíléèdì alábọ́dé tó fẹ̀ ní íǹṣì 7¼, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 184, lè yí ju ìgbà 5,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Tó bá yà nínú igi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á há mọ́ ara igi, ooru á dé, ẹ ó rí i tí igi ń dúdú, tí èéfín ń yọ. Ẹni tó bá wá ń fipá yí i padà sórí ìlà nígbà yẹn ń bá ohun tí kò mọ àgbà wọ̀yá ìjà.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì ayùn yín kúrò lára iná, kí ẹ dorí ayùn náà kodò, kí ẹ wo ibi tí eyín bíléèdì kọjú sí. Eyín tó wà níwájú ń lọ sókè. Abẹ́ pákó ló ti ń wọlé, orí pákó ló ti ń jáde, ibi tó bá sì ti ń jáde ló ti ń ya igi ní ṣákaṣàka. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ojú pákó tí àlejò máa rí wà nísàlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń gé e. Lórí ayùn onítábìlì, òdìkejì rẹ̀ ni: ojú tó dáa ni yóò wà lókè. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ní méjèèjì gbọ́dọ̀ kọ èyí sára ògiri, torí pé pákó tí wọ́n ti lẹ awọ dídán mọ́ kì í dárí jini; bí ẹnu rẹ̀ bá ti rún, kò sí kun tó lè bò ó.

Ọ̀nà tí bíléèdì gbà ń yí yìí náà ló ń fa kí ayùn ta padà. Bí ẹnu ibi tí a ń gé bá pàdé mọ́ bíléèdì lára, bíléèdì kò rí àyè yí mọ́. Agbára mọ́tò kò sì lè dúró lásán. Á gbé ayùn náà jáde kúrò nínú igi, á sì jù ú sẹ́yìn sí ẹni tó dì í mú. Kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Itan ni, ikùn ni, tàbí ọwọ́ òsì tó wà lórí pákó, kò sí ibi tí kò lè balẹ̀ sí.

Kí ló ń mú kí ẹnu pàdé? Ẹ fojú inú wo ṣíìtì pláíwúùdù tó nípọn ní mìlímítà 18, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, tí wọ́n tẹ́ sórí àga gbọọrọ méjì, ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í gé e láàárín. Bí ayùn ṣe ń wọlé lọ ni àárín pákó ń rọ̀ sílẹ̀, tí etí méjèèjì ibi tó gé ń sún mọ́ra lókè. Ohùn mọ́tò yí padà, ó ń kérora. Ọ̀gá pariwo: “Gbé e! Gbé e sókè!” Ọmọ iṣẹ́ sáré di ìpẹ̀kun tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mú, ó sì fi gbogbo agbára gbé e kúrò lórí àga. Ìrànlọ́wọ́ ló rò pé òun ń ṣe. Bí ìpẹ̀kun yẹn ṣe ń gòkè ni ẹnu tó wà láàárín ń pa dé gbágbá mọ́ bíléèdì. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti fara gbọgbẹ́ nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sọ ìtàn tó jọ èyí.

Ohun tó sàn jù ni kí ẹ gbé àga gbọọrọ tì. Ẹ to pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tí gíga wọn dọ́gba sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ tẹ́ ṣíìtì náà lé wọn lórí, méjì lọ́wọ́ ọ̀tún ìlà tí ẹ fẹ́ gé, méjì lọ́wọ́ òsì. Bí ẹ bá gé e tán, ìdajì kọ̀ọ̀kan á jókòó sí ààyè tirẹ̀, kò sí èyí tó máa ṣubú, kò sí èyí tó máa rọ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wo bí bíléèdì ṣe jìn tó. Fún pákó mìlímítà 18, kí eyín yọ lábẹ́ pákó ní nǹkan bíi mìlímítà 5 ti tó. Mo máa ń rí àwọn tó ń ju bíléèdì sílẹ̀ pátápátá bó bá tiẹ̀ jẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fẹ́ gé. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń fún bíléèdì láyè láti há, wọ́n sì ń na eyín sí ohun yòówù tó bá wà lábẹ́, títí kan wáyà iná ayùn náà fúnra rẹ̀.

Gẹdú tútù tún ní ìwà tirẹ̀. Pákó tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé láti ọjà pákó Bódìjà n'Íbàdàn, tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, lè pa ẹnu dé fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ń là á lọ ní gígùn, bí ẹ tiẹ̀ tẹ́ ẹ dáadáa. Bí ẹ bá ti lọ ní ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì, ẹ dá ayùn dúró, kí ẹ ki ègé igi pẹlẹbẹ kan bọ ẹnu tó ti là sẹ́yìn kí ó má bàa pàdé. Bí ayùn yín bá ní irin pẹlẹbẹ tó dúró gangan lẹ́yìn bíléèdì, iṣẹ́ kan náà ni irin yẹn ń ṣe. Ẹ má ṣe tú u sọnù. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ìlà, kí ara yín má wà ní ẹ̀yìn ayùn gan-an. Bó bá há, ẹ tú bọ́tìnnì sílẹ̀, kí ẹ dúró títí bíléèdì á fi dákẹ́ pátá, kí ẹ tó fà á jáde.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìlà títọ́. Ẹ lè ṣe atọ́nà fún ara yín ní ọ̀sán kan, owó rẹ̀ kò sì ju ti àjákù pákó méjì lọ. Ẹ wá pláíwúùdù fẹ́lẹ́ tó nípọn ní mìlímítà 6, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8, tó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ díẹ̀. Ẹ wá pákó MDF tó nípọn ní mìlímítà 18, tó gùn bákan náà, tó fẹ̀ ní íǹṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan sì jẹ́ etí tí ilé iṣẹ́ gé. Kí ẹ tó gbà pé etí yẹn tọ́, ẹ fi fa ìlà sórí ṣíìtì, ẹ yí pákó náà padà kí òkè rẹ̀ di ìsàlẹ̀, ẹ gbé etí kan náà sórí ìlà yẹn, kí ẹ tún fa òmíràn. Bí ìlà méjèèjì bá bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pákó náà tọ́. Bí wọ́n bá yà kúrò lára wọn láàárín, ẹ wá pákó míràn.

Ẹ fi gọ́ọ̀mù igi àti sikúrù lẹ pákó títọ́ yìí mọ́ orí èyí tó fẹ́lẹ́, kí etí títọ́ náà kọjú sí ibi tí ayùn máa gbà. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ayùn ti etí náà, kí ẹ gé lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ayùn á gé gbogbo ohun tó ṣẹ́kù lára pákó fẹ́lẹ́ yẹn dànù. Etí tó kù níbẹ̀ nísinsìnyí, ibẹ̀ gẹ́ẹ́ ni eyín bíléèdì yín ń gbà kọjá. Láti ọjọ́ yẹn lọ, kò sí ìṣirò mọ́: ẹ gbé etí atọ́nà sórí ìlà, ẹ fi kíláǹpù mú un lórí àti nídìí, ẹ sì gé. Ó tún ní èrè kan tí ọ̀pọ̀ kò fura sí. Pákó fẹ́lẹ́ náà ń tẹ ojú igi mọ́lẹ̀ níbi tí eyín ti ń jáde, nítorí náà ẹnu ibẹ̀ kì í rún bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o. Ayùn tó gé atọ́nà yẹn nìkan ló ni ín. Bí ẹ bá pààrọ̀ bíléèdì sí èyí tó nípọn jù tàbí tó fẹ́lẹ́ jù, tàbí tí aládùúgbò bá yá a fún ayùn tirẹ̀, etí náà ti di irọ́ nìyẹn. Ẹ kọ orúkọ ayùn sí i lára. Ẹ wò ó kí kíláǹpù má dí mọ́tò lọ́nà, torí pé ibi tí ayùn bá ti kọsẹ̀ ni gígé ti ń wọ́. Ẹ má sì gbàgbé pé mìlímítà 6 ti kúrò nínú jíjìn bíléèdì yín.

Àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn lè ra ayùn tó ń rìn lórí irin gígùn, irú èyí tí wọ́n ń tẹ̀ wọnú igi láti òkè. Ó dáa púpọ̀. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí mo ṣàlàyé yìí. Rọ́bà tó wà létí irin náà ń ṣe iṣẹ́ etí pákó fẹ́lẹ́, ayùn yín ló sì máa gé e ní ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ̀gbẹ́ tí irin wà nìkan ni rọ́bà náà ń dáàbò bò, nítorí náà ẹ jẹ́ kí irin jókòó sórí pákó tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ èyí tí ẹ máa dà nù. Bí ẹ bá so irin méjì pọ̀ kó lè gùn, ẹ fi pákó títọ́ yẹ oríkèé wọn wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ayùn a máa jẹ igi, iye tó sì ń jẹ ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ẹnìkan fẹ́ la ṣíìtì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí ọ̀nà mẹ́rin, kó sì rí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan. Kò lè ṣeé ṣe. Fífẹ̀ ṣíìtì jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 1,220. Bíléèdì tó ń jẹ mìlímítà 3 máa gbà á kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mìlímítà 9 ti di lẹ́búlẹ́bú nìyẹn. Ohun tó kù jẹ́ 1,211, bí ẹ bá sì pín in sí mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju 302.75 lọ, nígbà tí ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ 304.8. Ẹni tó bá sì fa gbogbo ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà kó tó gé, àkọ́kọ́ á pé, ìkejì àti ìkẹta á dín ní mìlímítà 3, á wá máa bú téèpù. Ẹ sàmì sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tí ẹ máa dà nù, kí bíléèdì jẹ ti ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan.

Téèpù náà ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò. Irin kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ máa ń mì, ọmọ iṣẹ́ púpọ̀ ló sì ti fi òòlù kàn án pinpin nítorí wọ́n rò pé ó ti bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn! Bó ṣe nípọn tó náà ni ó ń rìn, kí ìwọ̀n lè pé yálà ẹ fi kọ́ etí pákó tàbí ẹ fi ẹnu rẹ̀ ti ògiri. Èyí tó bàjẹ́ ni èyí tó ti tẹ̀ nítorí pé ó já bọ́. Téèpù méjì lè yàtọ̀ síra. Iṣẹ́ kan, téèpù kan.

Bí ohun tí ẹ fẹ́ gé bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ jáwọ́ nínú wíwọn. Mo mọ̀ pé ó ń ṣe yín bíi kí ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìdánilójú, àmọ́ gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọn nǹkan ni ẹ tún fún àṣìṣe láyè. Ẹ wọn ọ̀kan ṣoṣo, ẹ gé e, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ kọ ÀPẸẸRẸ sí i lára gàdàgbà. Òun ni ẹ máa fi ṣètò ibi tí igi ìdènà máa wà. Ìdènà ni ègé igi kan tí ẹ fi kíláǹpù mú sórí tábìlì, tí orí gbogbo pákó tó bá ń bọ̀ máa fi kàn, tí atọ́nà sì wà lójú kan náà. Ẹ gbé e sókè díẹ̀ kí lẹ́búlẹ́bú rí ibi gbà jáde, torí ẹ̀kúnwọ́ lẹ́búlẹ́bú kan tó bá há síbẹ̀ máa ń sọ pákó di kúkurú. Ìpẹ̀kun kan ni kí ìdènà mú. Ègé tó ń bọ́ lọ́wọ́ kejì gbọ́dọ̀ lómìnira láti ṣubú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ti tún dá ẹnu pípàdé sílẹ̀ nìyẹn.

Àṣà kan wà tí mo kórìíra: kí wọ́n fi pákó kìíní sàmì sí ìkejì, kí wọ́n fi ìkejì sàmì sí ìkẹta, títí dé ìkẹjọ. Ìlà pẹ́ńsù kan lè nípọn tó ìdajì mìlímítà. Bí ó bá ń fi ìdajì yẹn kún ara rẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, ìkẹjọ á ti gùn ju ìkíní lọ ní mìlímítà mẹ́ta àti àbọ̀, kò sì sí ẹni tó máa mọ ibi tó ti wá.

Bó bá jẹ́ lílà ní gígùn ni, bíi ti ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́wàá tí fífẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba, ẹ gé igi méjì tí gígùn wọn jẹ́ iye tí ẹ fẹ́ pẹ̀lú iye tí bíléèdì ń jẹ. Ẹ to etí wọn mọ́ etí ṣíìtì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí ẹ fi atọ́nà ti orí wọn, kí ẹ sì fi kíláǹpù mú un, kí ẹ wá yọ igi méjèèjì kúrò. Ẹ gé. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Àtọ̀tún àtòsì, gbogbo rẹ̀ á bára mu láìfọwọ́ kan téèpù.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan, ẹ yẹ bíléèdì wò bóyá ó dúró gangan. Sikúwíà lè sọ fún yín, àmọ́ igi fúnra rẹ̀ ń sọ òótọ́ jù. Ẹ gé ègé pákó kan sí méjì, ẹ yí ìdá kan padà kí òkè rẹ̀ di ìsàlẹ̀, kí ẹ kó wọn fẹnu kora lórí tábìlì tó tẹ́jú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kọjá láàárín wọn, ìlọ́po méjì àṣìṣe bíléèdì yín lẹ ń wò yẹn, kò lè sá pa mọ́. Ní ti pákó tó ti di onígun mẹ́rin, ẹ wọ̀n ọ́n láti igun dé igun, kí ẹ wọn igun méjì tó kù. Bí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú síra bá dọ́gba tí ìwọ̀n igun méjèèjì náà sì dọ́gba, ó pé. Ẹ̀yin oníbàárà náà lè fi èyí yẹ ilẹ̀kùn wò kí ẹ tó san owó tó kù. Kì í ṣe ìwọ̀sí sí ọ̀gá kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iná, torí ó pọ̀ tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ayùn tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, iná 120 fóòtì ni wọ́n ṣe é fún. Èyí tí ará wa tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù fi ránṣẹ́, tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, ti 110 fóòtì ni. Tiwa jẹ́ 230. Ẹni tó bá gé púlọ́ọ̀gì yẹn dànù, tó so tiwa mọ́ ọn, mọ́tò náà á kọ́kọ́ sáré kọjá ibi tí wọ́n ṣe é mọ kó tó jóná. Ẹ ra tiransífọ́mà tí agbára rẹ̀ ju ti ayùn lọ, tàbí kí ẹ má lò ó. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo wa ń pè ní “I better pass my neighbour” kò lè gbé ayùn tó ń jẹ wáàtì 1,200 sókè. Á máa fà, bíléèdì á máa há, ẹni tó dì í mú á sì máa fipá tì í. Wáyà gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fà láti ilé kejì ń ṣe bákan náà. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń fi okùn di bọ́tìnnì ayùn mọ́lẹ̀ kí ìka wọn má bàa rẹ̀. NẸ́PÀ mú iná lọ, wọ́n gbé ayùn kalẹ̀, wọ́n lọ jẹun. Iná dé, ayùn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré kiri ilẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ọmọ iṣẹ́ jókòó sí.

Okùn náà ni wọ́n fi ń so ìbòrí bíléèdì sókè. Wọ́n ní kì í jẹ́ káwọn rí ìlà. Bíléèdì kì í dúró lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá tú bọ́tìnnì sílẹ̀. Ìbòrí yẹn ló ń pa dé kó tó kan itan yín. Ẹni tó bá ti ní atọ́nà kò tilẹ̀ ní ìlà tó fẹ́ wò mọ́, nítorí náà àwáwí yẹn ti tán.

Mo ń bọ̀ sórí èyí tó bà mí nínú jẹ́ jù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi bíléèdì ayùn igi sórí fáílìn maṣíìnì, ìyẹn ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin. Wọ́n ń ṣe é káàkiri, torí pé ẹ̀rọ náà kò wọ́n. Èyí tó kéré nínú wọn ń yí tó ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára bíléèdì ayùn íǹṣì 7¼, ẹ ó rí i pé iye ìyípo tí kò gbọ́dọ̀ kọjá kéré sí ìyẹn púpọ̀. Kí ó tó lè wọ ibẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tú ìbòrí kúrò. Kò ní àtẹ́lẹsẹ̀ tó máa jókòó lórí igi, kò ní ohun tó ń sọ bó ṣe máa jìn tó. Bí eyín kan bá kọ́ igi báyìí, ó já kúrò lọ́wọ́ bíi màlúù tó já okùn lọ́jọ́ Iléyá, ojú tàbí ọrùn ló sì máa ń kọrí sí. Bí ẹ bá ń wá ẹ̀rọ tó rọjú, ayùn ọwọ́ ṣì wà lọ́jà.

Bíléèdì tó kú tún ń fa fífipá tì. Eyín 24 dáa fún lílà pákó ní gígùn. Bí ẹ bá ń gé pláíwúùdù tàbí pákó aláwọ dídán, ẹ lọ sí 40 sí 60. Ẹ yọ ìṣó kúrò lára pákó tí wọ́n ti fi da kọnkéré. Ẹni tó bá ń gé ìrókò mọ̀ pé òkúta líle lè wà nínú rẹ̀, bí ó bá sì kan eyín, ẹ dá iṣẹ́ dúró kí ẹ wò ó. Apá aṣọ gígùn, ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́, ìbọ̀wọ́ tó tú yàgbà, ẹ bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wọ awò ojú, kí ẹ sì fi nǹkan dí etí yín, torí ariwo ayùn wọ̀nyí ń ba etí jẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn mọ̀.

Lẹ́búlẹ́bú igi náà kì í ṣe ohun tí a lè fi ojú kékeré wò. IARC, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti kà á láti 1995 mọ́ àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn, pàápàá ti ihò imú. Lẹ́búlẹ́bú arère àti ti ìrókò lè fa ikọ́ fée fún àwọn mìíràn. Gọ́ọ̀mù tó wà nínú MDF tún ní formaldehyde. Aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú kò tó; ẹ wá ìbòmú tó fún mọ́ ojú dáadáa, kí ẹ sì máa gé níta bí ààyè bá wà.

Bí ayùn bá wá ṣe ẹnìkan léṣe, ẹ fa púlọ́ọ̀gì yọ, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú egbò náà gírígírí, kí ẹ gbé apá rẹ̀ sókè, kí ẹ má ṣe máa ṣí i wò ní gbogbo ìgbà. Ẹ má da pẹtiróòlù sí i, ẹ má da eérú tàbí lẹ́búlẹ́bú sí i. Bí ìka bá já, ẹ wá a, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ fi omi tútù rẹ díẹ̀ wé e, ẹ fi sínú nylon, ẹ di ẹnu rẹ̀, kí ẹ wá gbé nylon náà sórí yìnyín. Yìnyín kò gbọ́dọ̀ kan ìka náà gan-an, torí ó máa pa á. Ẹ gbé òun àti ìka náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ yín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì béèrè fún abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹ ti gbọ́dọ̀ mọ ilé ìwòsàn náà, àti ẹni tó ní ọkọ̀ ládùúgbò, kí ẹ tó ki púlọ́ọ̀gì bọ iná láàárọ̀ ọjọ́ náà.